Omi Tí Lowell Ń Bu Sí Yárò

Lẹ́tà náà dé ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ká ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ni, kò sí ohun tí ì bá bàjẹ́.

Ìyá Haugen ló mú un wá. Ìyá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ilé Nola gan-an. Ó fi lẹ́tà há abíyá, ó rọra tẹ ọ̀pá rẹ̀ ré títì kọjá, ariwo rẹ̀ sì ti dé ẹnu ọgbà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Nola! Má bínú o. Inú àpótí lẹ́tà tèmi ni wọ́n jù ú sí. Èmi rò pé ìwé owó iná ni, ni mo bá gbé àwo páì èso lé e."

"Láti ìgbà wo, Mà?"

"Ọjọ́ Ajé ni."

"Ọjọ́ Ajé! Mà, òní ti di Ọjọ́rú."

"Mo mọ ohun tí òní jẹ́. Páì yẹn ni kò tètè tán."

Ṣúgà ti fi òrùka rìbìtì kan sẹ́yìn àpòòwé náà. Nola fi ìka ya á. Ìgbìmọ̀ àwọn onílé àdúgbò ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gba lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta tí Nola kọ, àwọn sì ti jókòó jíròrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní nítorí ọ̀dá tó ti wọ ọdún kẹta yìí, ẹni tó bá wù ú lè hú koríko iwájú ilé rẹ̀, kó gbin òdòdó tí kò nílò omi. Wọ́n ní kí ó má ka ìkìlọ̀ tí àwọn fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sí mọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù rẹ̀.

Sùúrù! Nola gbé ojú sókè, ó wo iwájú ilé rẹ̀.

Ní àárọ̀ àná, òdòdó tí wọ́n ń pè ní yárò kún ibẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn títí dé ojú títì. Funfun wà níbẹ̀, yẹ́lò wà níbẹ̀, pupa kan sì wà tó dà bí bíríkì àtijọ́. Òdòdó rẹ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ lókè igi rẹ̀ bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè, ewé rẹ̀ sì rí bí ìyẹ́ òròmọdìẹ. Bí èèyàn bá fọwọ́ pa á, òórùn kíkorò á jáde bí ẹni ń fọ ewúro. Ní àárọ̀ yìí, ilẹ̀ náà dà bí orí ọmọ tí wọ́n fá nítorí làpálàpá.

Ìgbìmọ̀ kọ́ ló gé e. Lowell ni.

"Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ ni o," Ìyá Haugen sọ, ó ń wo ilẹ̀ náà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ lónìí."

"Mi ò sọ ọ́ mọ́. Páì ṣẹ́ kù díẹ̀. Kí n mú un wá?"

"Ẹ jẹ́ kí páì yẹn ṣì dúró ná."

Ẹ ò ní lóye ìbínú Nola bí ẹ ò bá mọ Lowell Prather. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Lowell fi ṣọ́ kòtò omi ńlá tó ń gbé omi odò wọ inú oko àwọn ará àfonífojì náà. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn irin, òun ló ń tì í. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní etí kòtò, yóò fún oko yìí ní wákàtí mẹ́fà, yóò fún oko tọ̀hún ní mẹ́rin, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ìpín tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nítorí omi ni wọ́n ṣe ń jà ní àfonífojì yẹn, omi náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Bí ọmọ rẹ bá ṣègbéyàwó, aládùúgbò á fún ọ ní wákàtí omi kan. Bí ìyàwó rẹ bá kú, wọn á fún ọ ní méjì.

Nítorí náà, nígbà tí ọkàn Lowell fà sí Nola, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí Ardith ìyàwó rẹ̀ ti kú, omi ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wá. Ó ṣì ní ìpín tirẹ̀ nínú kòtò náà. Yóò pọn ọ́n sínú dírọ́ọ̀mù mẹ́rin, yóò gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, yóò wá dà á sẹ́sẹ̀ yárò Nola. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa gbé òdòdó wá fún obìnrin. Lowell ń gbé omi wá fún òdòdó.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé yárò kò fẹ́ omi. Ìyà ni yárò mọ̀. Orí òkè lẹ́yìn oko màlúù wọn ni ìyá Nola ti wú èyí funfun, níbi tí òkúta pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún tí ìyá náà fi ayé sílẹ̀. "Gbìn ín síbi tí oòrùn á ti na án látàárọ̀ dálẹ́," ó wí. "Bu omi sí i ní ọdún àkọ́kọ́ títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún kẹta, là á sí méjì, fún ẹlòmíràn." Nola ṣe gbogbo rẹ̀. Ó hú koríko iwájú ilé, ó da yangí mọ́ ilẹ̀, kò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Nígbà tí ọ̀dá dé, tí ìlú ní ẹẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè fọ́n omi síta, koríko gbogbo àdúgbò gbẹ bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Yárò Nola kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Àwọn oyin tí kò ríbi lọ mọ́ gbogbo wọn ló kó síbẹ̀.

Ìyẹn kí Lowell tó dé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, Nola rí i pé ewé yárò ń tutù yọ̀yọ̀ jù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, igi rẹ̀ ti ga dé ìbàdí èèyàn, ó rọ̀, ó fẹ́lẹ́. Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí, gbogbo rẹ̀ sì là sọ́tùn-ún sósì, ó dùbúlẹ̀ bí àwọn ọ̀mùtí tí wọ́n lé jáde nílé ọtí. Lowell dé, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ebi ń pa á, Nola."

"Kì í ṣe ebi. Àjẹyó ni! Ó yó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti sọ fún ọ, má fún un lómi mọ́."

"Díẹ̀ báyìí ni mò ń bù."

"Dírọ́ọ̀mù mẹ́rin ni díẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu iwájú fìlà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó igi àti okùn wá, ó dè wọ́n dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni de ẹlẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ karùn-ún, Nola jí, ó gbọ́ òórùn ìgbẹ́ màlúù lójú fèrèsé. Ajílẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ó jata sẹ́nu.

Bí yárò ṣe ga tó sì wó kọjá sójú títì yìí ni ìgbìmọ̀ àdúgbò fi rí i. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́: bí ohunkóhun tí kì í ṣe koríko bá ṣì ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ níwájú ilé náà títí di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nola yóò san owó ìtanràn, àwọn yóò sì rán ẹni tí yóò gé e. Nola lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ fíríìjì, ó sì kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní gé e. Bí wọ́n bá fẹ́ gé e, kí wọ́n wá, kí wọ́n gé e lójú òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó lọ sọ́dọ̀ Wanda àbúrò rẹ̀ láti bá a ṣe èso písì sínú ìgò, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lowell wọ ilé ìdáná Nola láti tún ẹnu ẹ̀rọ omi ṣe, ó rí ìkìlọ̀ náà lára fíríìjì, ó wo aago, ó sì lọ gbé ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ wá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Nola tẹ̀ ẹ́ láago pé kó wá. Ó dé pẹ̀lú àgbàdo tútù mẹ́fà nínú àpò, ojú rẹ̀ ń dán. Nola na lẹ́tà sí i. Lowell kà á lórí ìdúró, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ó mà ṣe o," ó wí nígbà tó parí rẹ̀. "Bí mo bá ti mọ̀ ni."

"Bó o bá ti bi mí ni."

"O ò sí nílé."

"Tẹlifóònù wà lọ́dọ̀ Wanda. O mọ nọ́ńbà Wanda. Ìwọ lo bá a tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe!"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n bu owó ìtanràn lé ọ, Nola. Mo fẹ́ yọ ọ́ ni."

"Ta ló ní o yọ mí?"

Lowell gbé àpò àgbàdo náà láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Nola sì mọ ohun tó ń rò, nítorí Lowell ti sọ fún un rí nídìí tábìlì ìdáná, ó ń yí ife kọfí po lọ́wọ́. Ní ọdún ọ̀dá ńlá, àwọn aláṣẹ kòtò ní kí Lowell ti ilẹ̀kùn irin mọ́ oko mẹ́tàdínlógún. Ó tì wọ́n. Àwọn èèyàn tí wọ́n jọ ṣe ọmọdé dúró sétí oko wọn, wọ́n ń wò ó, ẹnikẹ́ni kò bú u. Ó ní ó sàn kí wọ́n bú òun. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí ewé kan tó ká, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Bó bá jẹ́ ìkà ni, Nola ì bá ti lé e. Ṣùgbọ́n Nola fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi dá gbé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ń padà wá sílé tí kò sí ẹni tó ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Lowell mọ ẹ̀rín rín. Ó ti ní kí àwọn fẹ́ra, ó sì ti ń dúró de èsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni nǹkan tó lè dúró dè láìfọwọ́ kàn án.

"Fetí sílẹ̀," Nola wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá. Má bu omi sí ilẹ̀ yìí. Má da nǹkan kan sí i. Má tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, màá fún ọ lésì."

"Èsì ti..."

"Èsì tìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ mẹ́wàá péré?" Lowell rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ti ilẹ̀kùn omi fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n? Kò sí wàhálà."

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Lowell wá mu kọfí ní ọjọ́ Àìkú, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má bàa rí iwájú ilé. Ìyẹn wú Nola lórí díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ìyá Haugen pè é láti òdìkejì títì. "Nola! O ò wo ilẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀, Mà?"

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Eegun rẹ ṣì lágbára."

Nola bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn kùkùté, ó rí wọn: ìyẹ́ kéékèèké, tútù, wọ́n nípọn, wọ́n kúrú, wọ́n fara mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ kí yárò rí. Ó rí ọ̀kan, ó rí mẹ́wàá, ó wá rí i pé wọ́n wà níbi gbogbo. Ìyá Haugen ti ré títì kọjá.

"Ṣé mo lè sọ òótọ́ fún ọ?"

"Ẹ máa sọ ọ́ bí mi ò tiẹ̀ fẹ́."

"Èyí tó ga tó wó yẹn, gígé ni oògùn rẹ̀. Èmi ì bá ti ní kó o gé e mọ́lẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Mo rò pé o mọ̀ ni."

Nola jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó mọ̀. Dájúdájú ó mọ̀, ìyá rẹ̀ náà máa ń ṣe é. Ìbínú sí Lowell ni kò jẹ́ kó rántí. Ní báyìí, ọkùnrin náà ti ṣe ohun tó tọ́ láìmọ̀, lọ́jọ́ tí kò yẹ, láìbéèrè, kò sì ku ìbínú kan tó ṣe é gbá mú dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn mọ́ ọn.

"Ó kù bí ọjọ́ mélòó tí wàá fún un lésì?" ìyá náà béèrè.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Fèrèsé mi ṣí, etí mi náà ṣí."

"Ọjọ́ mẹ́rin."

"Kí lo máa sọ?"

Nola wo àwọn ìyẹ́ tútù náà. "Bí wọ́n bá wà báyìí títí di Sátidé, Mà, bóyá màá ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ. Nola lọ ra ìyẹ̀fun àti bọ́tà, wákàtí kan ààbọ̀ péré ló lò. Nígbà tó yí kọ́nà àdúgbò, ó rí ọkọ̀ Lowell níwájú ilé rẹ̀. Kò sí dírọ́ọ̀mù kankan lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ dùn títí tó fi dé ẹnu ọgbà.

Lowell wà lórí eékún, ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ náà já láti igun kan dé igun kejì, ojú kòtò gbọọrọ tó ṣe rẹ́gí bí iṣẹ́ ẹni tó mọ kòtò gbẹ́. Ó ti tẹ́ páìpù dúdú sínú rẹ̀. Aago kékeré kan wà lára ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Áà! O ti dé," ó wí. "Mo fẹ́ kó o bá a ní píparí ni."

"Kí lò ń ṣe, Lowell?"

"Mi ò bu omi kankan sí i o! Mo pa àdéhùn mọ́. Wò ó, mi ò ní bu omi mọ́ láéláé. Páìpù yìí ni yóò máa ṣe é fúnra rẹ̀. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ tí ìlú bá gbà wá láàyè. Tá a bá fẹ́ra, o ò ní dààmú nípa rẹ̀ mọ́."

Nola gbé àpò ọjà sílẹ̀. Ó rìn lọ síbi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí Lowell wà jáde. Ìyẹ́ tútù wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò wọn dojú sókè, wọ́n ti ń ká nínú oòrùn. Ó mú ọ̀kan. Èyí funfun ni, ó mọ̀ ọ́n nítorí ibi tó wà, lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tó kọ́kọ́ gbin ti ìyá rẹ̀ sí.

"Èyí ńkọ́?"

Lowell wò ó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Ó ń hù?"

"Ó ń hù."

"Mo rò pé ó ti kú, Nola. Mo rò pé mo ti pa á. Mo fẹ́ kó o ní nǹkan kan tí wàá tún gbìn síbẹ̀."

"Ṣé o bẹ̀rẹ̀ wò ó?"

Ojú Lowell ti pọ́n. Ó gba gbòǹgbò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka gbẹ́lẹ̀, ó rọra tún un gbìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ yí i ká bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Ó mú ìkejì, ó mú ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló dìde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú un lọ síbi ẹ̀rọ omi láìrò ó, tó sì gbé agolo ìbomirin.

"Lowell."

"Díẹ̀ báyìí. Kó lè mú ilẹ̀ ni."

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ. Gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbìn nílò omi díẹ̀, ìyá Nola náà wí bẹ́ẹ̀. Nola sún mọ́ ọn, ó gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu omi náà fúnra rẹ̀, ẹnu kan fún gbòǹgbò kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì da ìyókù padà sínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní òdìkejì títì, aṣọ fèrèsé Ìyá Haugen mì.

Lowell dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. "Ó ku ọjọ́ méjì kí Sátidé tó dé," ó wí jẹ́jẹ́.

"Mi ò nílò ọjọ́ méjì yẹn mọ́," Nola wí. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó kọjú sí i. "Mo fẹ́ràn rẹ, Lowell, mi ò sì ní fẹ́ ọ. Ká páìpù rẹ, kó o dí kòtò yẹn bó o ṣe bá a, má fi nǹkan kan kún un. Bó o bá fẹ́ máa wá mu kọfí ní ọjọ́ Àìkú, máa wá, inú mi á dùn sí i. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni màá máa gbé inú ilé yìí."